Sàdíátù Tó Fẹ́ Kọ́ Ọmọ Rẹ̀ Bí A Ṣe Ń Ṣubú

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Sàdíátù jẹ́, ẹ má bi àwọn ará ilé wa ní Igbó-Elérin. Ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ sọ ni pé páálí ló ń rù, pé ẹnu rẹ̀ mú, àti pé ọmọ rẹ̀ ní àrùn tí a kì í pè lórúkọ. Èmi á pè é lórúkọ ní tèmi, nítorí pé àìpè é kò wo ẹnikẹ́ni sàn rí. Wárápá ni. Ọmọ́yẹlé, ọmọ kan ṣoṣo tí Sàdíátù bí, ní wárápá, ìyá rẹ̀ sì ń wá ọ̀nà gbogbo tí àrùn náà kò fi ní pa á.

Télọ̀ ni èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí. Christiana lorúkọ mi, ṣùgbọ́n Ìyá Bọ́sẹ̀ ni gbogbo ayé ń pè mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà níwájú ilé tí èmi àti Sàdíátù jọ ń gbé, yàrá wa sì kọjú síra. Bí ó bá ń dín ata, èmi náà á máa wúkọ́. Bí ó bá ń sunkún, bí ó ti wù kí ó fi ìrọ̀rí bo ẹnu tó, mo máa ń gbọ́. Mùsùlùmí ni, ìjọ aláṣọ funfun ni èmi ń lọ. Òun a máa bú mi pé agogo ìjọ wa kì í jẹ́ kí òun gbọ́ àdúrà ara òun, èmi náà a sì máa bi í léèrè bóyá adití ni Ọlọ́run tirẹ̀ tí kò fi lè dárúkọ ohun tó fẹ́ láì pariwo. Ọ̀rẹ́ ni wá.

Òwò páálí ló ń ṣe. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á gba Ọjà Àlàbá lọ. Bí àwọn tó ń ta tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì bá ti ń tú ẹrù wọn, òun á máa kó páálí àti fóòmù tó wà nínú rẹ̀, á tẹ̀ wọ́n pẹlẹbẹ, á fi okùn dì wọ́n, á sì tà wọ́n fún àwọn tó fẹ́ fi di ẹrù tiwọn. Àwọn Íbò ọjà yẹn fẹ́ràn rẹ̀, Màdáámù Kátọ̀nù ni wọ́n ń pè é. Bí ó bá ru ẹrù rẹ̀ bọ̀ nílé, ẹ ò ní rí orí rẹ̀ rárá. Ẹsẹ̀ méjì péré lẹ máa rí lábẹ́ ẹrù tó ga bí ilé.

Giri ni wọ́n kọ́kọ́ pè é nígbà tí Ọmọ́yẹlé wà ní ọmọ ọwọ́. Ọmọ náà dàgbà, giri náà kò lọ. Yínúsà, bàbá ọmọ, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ní kò sí irú rẹ̀ ní ìdílé tòun, ó sì gbéra lọ ní ọjọ́ kan bí ẹni tó fẹ́ lọ ra epo. Títí di òní ló ṣì ń ra epo náà. Ilé ìwé ní kí ọmọ máa gbélé ná. Nílé wa, bí ó bá fi ife mu omi, àwọn kan á fi eérú fọ ife náà, wọ́n á tún sọ ọ́ nù lẹ́yìn tí wọ́n fọ̀ ọ́ tán. Inú bí mi sí wọn nígbà náà, inú ṣì ń bí mi di ìsinsìnyí.

Ìgbà kan ó ṣubú lé sítóòfù, ọwọ́ rẹ̀ òsì jóná. Ìgbà kan ó fi orí gba etí kànga, ẹ̀jẹ̀ sì bo ojú rẹ̀ débi pé ìyá rẹ̀ kò mọ ibi tí ojú wà. Bí ara rẹ̀ bá ti wálẹ̀, ohun kan náà ló máa ń béèrè. Á la ojú, á wo ìyá rẹ̀, á ní, "Màámi, ṣé mo tún ṣubú?" Sàdíátù á kàn máa nu ẹnu ọmọ rẹ̀.

Ó sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi lẹ́yìn ti kànga yẹn. Ó ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀, kì í ṣe àìsàn yẹn ló ń bà mí lẹ́rù mọ́. Tó bá mú un, á fi í sílẹ̀. Ilẹ̀ ni mò ń bẹ̀rù. Ilẹ̀ ló máa pa ọmọ yìí, èmi ò sì ní sí nílé lọ́jọ́ náà, màá wà ní Àlàbá tí mò ń tẹ páálí."

Kí ni kò tíì ṣe? Ó ti gbé e lọ sọ́dọ̀ àlùfáà, ó ti bá mi gbé e wá sí ìjọ wa, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n tan àbẹ́là yí i ká. Ó ti fún un ní àgbo tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù sè, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ náà kí wárápá tó pa á. Ilé ìwòsàn fún un ní oògùn oníhóró, ó sì ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí ẹnìkan fi sọ fún un pé oògùn náà á sọ ọmọ di òpònú, ló bá dá a dúró. Mo bá a jà lórí èyí, a kò bá ara wa sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tí omi ń gbé lọ kò mọ igi tó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára, gbogbo rẹ̀ ló ń nawọ́ sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí ní ọdún 1992, tí Kóòṣì fi wá ra páálí.

Abíọ́dún lorúkọ Kóòṣì. Ó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Àlàbá. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́ ní Sùúrùlérè ló ti kọ́ jùdó, ìjàkadì àwọn ará Japan, èyí tí a fi ń di aṣọ ẹnìkejì mú tí a fi ń gbé e ṣánlẹ̀. Nígbà tó kó dé àdúgbò wa tó rí i pé etí títì márosẹ̀ làwọn ọmọ ń ṣeré sí, ó kó wọn jọ sínú ilé kan tí wọn kò parí, tí kò ní òrùlé, ó tẹ́ páálí sílẹ̀ nípọnnípọn, ó na tapólì lé e lórí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ wọn. Gbogbo wa la ń pè é ní kàráté. Ó ṣàlàyé títí ó sú u.

Èmi ni mo ń rán aṣọ wọn. Aṣọ náà gbọ́dọ̀ nípọn kí ó má baà ya, kò sì sí irú rẹ̀ lọ́jà, nítorí náà àpò fúláwà ni mo ń lò. Mo máa ń sè é kí àkọlé ara rẹ̀ lè parẹ́, kì í parẹ́. Ọmọ á kọ ẹ̀yìn sí ẹ, wàá máa ka ìwọ̀n kílò fúláwà lẹ́yìn rẹ̀. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìjàkadì, Kóòṣì ní kí wọ́n tẹrí ba fún ara wọn. Irú èyí kò yé àwọn ọmọ wa. Ẹni tó kéré á kúnlẹ̀ fún ẹni tó jù ú lọ, ẹni tó jù ú lọ á ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ dáadáa," lẹ́yìn náà á gbé e ṣánlẹ̀.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ohun àkọ́kọ́ tí Kóòṣì ń kọ́ ọmọ ni bí a ṣe ń ṣubú. Kí ó fi àgbọ̀n kan àyà kí orí má baà gba ilẹ̀, kí ó yí èjìká, kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu ilẹ̀ pàà kí agbára ìṣubú lè bá ọwọ́ lọ. Ẹ mọ irú ènìyàn tí a jẹ́. Àwa tí a kì í jáde láàárọ̀ láì sọ pé a ò ní ṣubú, kí ẹnìkan wá gba ọmọ wa máa kọ́ ní ìṣubú! Ìyá Bímpé tó ń ta kẹrosíìnì ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ló kọ́kọ́ lọ kò ó lójú.

"Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, Adébímpé ọmọ mi ò ní ṣubú lórúkọ Jésù. Bó ṣe máa da àwọn yòókù ni kẹ́ ẹ kọ́ ọ."

"Màmá, tí ò bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣubú, ọjọ́ tí wọ́n bá dà á, ọrùn ẹ̀ ló máa kán."

"Ọrùn ta ni? Ọrùn ta ni, Kóòṣì? Ẹ yáa tọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dànù lẹ́nu yín!"

Bí wọ́n ṣe parí rẹ̀ ni pé Kóòṣì ń kọ́ wọn bákan náà, ṣùgbọ́n ìsọ̀kalẹ̀ ló ń pè é. Àwọn ìyá gbà, wọ́n ṣe àmín.

Òjò ló ba páálí Kóòṣì jẹ́ tó fi wá bá Sàdíátù ní Àlàbá. Sàdíátù bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi páálí rẹpẹtẹ bẹ́ẹ̀ ṣe. Kóòṣì rò pé àwọn ìyá oníjà kò sí nítòsí, ó sọ òótọ́. Ó ní òun ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe lè ṣubú tí kò ní dùn wọ́n.

Mo wà lórí kẹ̀kẹ́ ìránṣọ nígbà tí Sàdíátù wọlé dé láì ru nǹkan kan. Ó ti gbàgbé ẹrù rẹ̀ sí Àlàbá.

Ó ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀, ó wà níbẹ̀! Láti ọjọ́ yìí tí mò ń wá a, ìtòsí wa níbí ló wà! Ẹnìkan ń kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń ṣubú! Tó bá kọ́ Ọmọ́yẹlé, bí àìsàn yẹn bá mú un, á mọ bó ṣe máa ṣe é. Orí ẹ̀ ò ní gbalẹ̀ mọ́. Ẹ rán aṣọ fún un. Ẹ rán an lónìí."

"Ṣé o sọ fún ọkùnrin náà ohun tó ń ṣe ọmọ?"

"Kí n sọ kí ni fún un? Kí wọ́n bàa lè lé wa?"

Mo gé aṣọ.

Ẹ wá wo Ọmọ́yẹlé níbẹ̀! Àwọn ọmọ yòókù ń bẹ̀rù ilẹ̀, wọ́n ń le ara. Òun tó jẹ́ pé àtikékeré ló ti mọ ilẹ̀, kò bẹ̀rù rẹ̀. Á fi àgbọ̀n kan àyà, á yí, ọwọ́ á dún pàà. Kóòṣì á ní kí gbogbo wọn dúró kí wọ́n wo Ọmọ́yẹlé. Ẹ gbọ́ mi yé o. Ọmọ tí wọ́n ń fi eérú fọ ife rẹ̀ ni wọ́n ní kí gbogbo ẹgbẹ́ máa wò ṣe. Bí ó bá délé, á tún máa ju ara rẹ̀ sílẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì, pàà, pàà, àwọn ará ilé á máa lu ògiri. Sàdíátù á jókòó síbẹ̀, á máa wò ó, omi á máa jáde lójú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Inú mi dùn débi pé ẹ̀rù bà mí.

Bímpé ọmọ oníkẹrosíìnì ni wọ́n fi ṣe ẹnìkejì rẹ̀, nítorí ọjọ́ orí wọn kò jìnnà síra. Ọmọ náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ nǹkan fún un lẹ́ẹ̀kan, ó ti wọ̀ ọ́ lórí nìyẹn. Òfin kan wà tí Kóòṣì kì í fi ṣeré. Ẹni tó bá da ẹnìkejì rẹ̀ gbọ́dọ̀ di apá ẹ̀wù rẹ̀ mú títí onítọ̀hún yóò fi délẹ̀, kí ó sì máa fà á sókè díẹ̀ kí orí má baà gba ilẹ̀. "A kì í fi sílẹ̀ kó tó délẹ̀." Ohun tó máa ń kígbe rẹ̀ nìyẹn. Mo máa ń gbọ́ ọ láti ṣọ́ọ̀bù mi.

Ọjọ́ Sátidé kan ni àìsàn náà mú Ọmọ́yẹlé níbẹ̀. Àwọn òbí wá wòran lọ́jọ́ náà, èmi náà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Òun àti Bímpé ṣẹ̀ṣẹ̀ di ara wọn mú. Mo rí ojú rẹ̀ tó yí sókè, mo sì mọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Kò fi àgbọ̀n kan àyà. Kò yí èjìká. Kò fọwọ́ lu ilẹ̀. Gbogbo ohun tó kọ́ láti ọjọ́ yìí, kò sí èyí tó rántí. Ó lọ gbọọrọ bí igi tí wọ́n gé, ẹ̀yìn orí rẹ̀ sì dún lórí tapólì. Bímpé tó di apá ẹ̀wù rẹ̀ mú já a sílẹ̀, ó sá. Gbogbo wọn sá. Ó ku Kóòṣì àti ọmọ tó ń gbọ̀n, àti Sàdíátù tó ń fi eékún wọ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ lórí páálí tí òun fúnra rẹ̀ rù wá.

Ilẹ̀ kò tíì ṣú tí àwọn òbí fi dáná sun ibẹ̀. Ìtọ́ ọmọ náà ti kan tapólì, wọ́n ní àrùn ti wà nínú rẹ̀. Ìyá Bímpé ló gbé kẹrosíìnì wá. Èmi náà pariwo, wọ́n ní kí n lọ jókòó ti kẹ̀kẹ́ mi. Páálí yára jó, tapólì ló ń rùn.

Kóòṣì wá bá Sàdíátù nínú yàrá rẹ̀. Mo wà níbẹ̀.

"Màmá Ọmọ́yẹlé, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Tí mo bá sọ, ṣé ẹ máa gbà á?"

Ọmọlúàbí ni Kóòṣì, kò fẹ́ parọ́. Ó wo ọmọ tó sùn, lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀ tó fọ́ obìnrin náà sí wẹ́wẹ́.

"Ìṣubú tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ, ti ẹni tó mọ̀ pé òun ń ṣubú ni. Ọmọ yín, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú, kò sí níbẹ̀ mọ́. Kò sẹ́ni tó lè kọ́ ọ. Ẹ padà gbé e lọ sọ́sípítù."

Nígbà tó lọ tán, Sàdíátù kò sunkún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí tú okùn ìdì páálí kan, ó tún un dì, ó tún un tú. Mo gba okùn náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ta ló kù, Ìyá Bọ́sẹ̀? Mo ti bẹ Ọlọ́run. Mo ti bẹ dókítà. Ó ku kí n lọ bẹ ilẹ̀."

Mo fẹ́ sọ fún un pé yóò dára. Irọ́ ni yóò jẹ́, mo bá fi okùn náà bá a di páálí.

Àwọn òbí fún Kóòṣì ní ìkìlọ̀ ìkẹyìn: bí Ọmọ́yẹlé bá padà wá, ọmọ tiwọn kò ní wá. Kóòṣì sì gbà fún wọn. N kò dá a lẹ́bi, mo sì dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n Sàdíátù kì í ṣe ẹni tí a ń tilẹ̀kùn mọ́. Ó ru páálí tuntun lọ síbẹ̀, ẹrù lórí ẹrù, ó tò ó kalẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ sórí rẹ̀ ní gbangba, ó bẹ ọkùnrin náà, títí ojú fi ti Kóòṣì. Wọ́n fẹnu kò. Ọmọ á padà sórí oògùn ilé ìwòsàn, kò sì gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan. Á máa wá lẹ́yìn tí àwọn yòókù bá ti lọ. Kò sì ní sí ọmọ tí yóò bá a jà.

Sàdíátù ní, "Èmi ni màá bá a jà."

Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rín. Àdúgbò rín in tẹ́lẹ̀. Àgbàlagbà obìnrin, abiyamọ, tó wọ ṣòkòtò Yínúsà sábẹ́ ìró, tó di ọmọ rẹ̀ mú láyà aṣọ, tí Kóòṣì ń pariwo lé lórí pé kí ó tẹ eékún. Àwọn ọmọ á máa yọjú lójú fèrèsé tí kò ní fèrèsé, wọ́n á máa bo ẹnu. Bímpé máa ń wà láàrin wọn. Òun kì í rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé bí ó bá tún súnmọ́ ọmọ náà, òun á fi ata sí i lójú, nítorí náà á dúró lókèèrè, á máa wò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Sàdíátù gbé ọmọ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ó sì já apá ẹ̀wù rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó dé orí páálí. Kóòṣì fìbínú dá a dúró. Ó ní, "Màmá! Ẹ ti fi í sílẹ̀! Ẹni tó bá da ènìyàn, ọwọ́ ẹ̀ ni orí onítọ̀hún wà títí tó fi máa délẹ̀!"

Sàdíátù fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi tààrà.

"Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹni tí kò yẹ la ti ń kọ́. Kì í ṣe Ọmọ́yẹlé ló yẹ kó kọ́ ọ. Ẹ̀yin yòókù ni."

Ó kó gbogbo aṣọ ọmọ náà wá, ti ilé àti ti òde, ó ní kí n gé apá gbogbo wọn dànù kí n rán apá gígùn sí i, apá àpò fúláwà. Mo ní nínú ooru yìí? Ó ní nínú ooru yìí. Mo rán an. Mo gba ibi èjìká kọjá, mo tún padà gbà á kọjá, títí abẹ́rẹ́ kẹ̀kẹ́ mi fi kán. Láti ọjọ́ náà, Ọmọ́yẹlé tó wọ gáùn òdòdó ní apá bíi ti ìyá oníbúrẹ́dì.

Lẹ́yìn náà ni Sàdíátù bẹ̀rẹ̀ sí lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. "Ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín. Tẹ́ ẹ bá rí i tó ń ṣubú, ẹ má fọwọ́ kan ara ẹ̀ bẹ́ ẹ bá ń bẹ̀rù. Apá aṣọ yìí ni kẹ́ ẹ dì mú. Ẹ kàn dì í mú kó fi lè rọra délẹ̀. Aṣọ kì í ran ènìyàn." Ó fi han ọkùnrin, ó fi han obìnrin, ó fi han àwọn tí wọ́n dáná sun tapólì. Àwọn kan ní àwọn ti gbọ́. Àwọn kan pòṣé. Ìyá Bímpé ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ó ṣubú níwájú òun. Mo wo Sàdíátù nígbà tó ń padà bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà tó kẹ́yìn. Ó ti rẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ti Badagry rìn dé.

Oògùn náà ń ràn án lọ́wọ́, n kò ní parọ́. Àìsàn náà kò wá lemọ́lemọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n kò tán.

Òjò ńlá rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, páálí Àlàbá tutù, Sàdíátù sì tètè padà sílé. Ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi, a jọ ń jẹ gúgúrú. Ó béèrè ibi tí ọmọ wà. Mo ní ó wà nínú yàrá. Ó wọlé, ó jáde.

Ó ní, "Korobá ò sí níbẹ̀."

A kò tún béèrè nǹkan mìíràn. Ọ̀nà Iba làwọn ọmọ ti ń pọn omi nígbà tí ẹ̀rọ tiwa bá kú, kí wọ́n sì tó dé ibẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ gba orí pákó kan kọjá kòtò ẹ̀gbin tó fẹ̀, tó jìn. A ti fòfin de Ọmọ́yẹlé lórí pákó náà. Ó sì lọ, nítorí pé àwọn ará ilé ń sọ pé kì í ṣiṣẹ́, ó fẹ́ pọn omi de ìyá rẹ̀. Sàdíátù bọ́ bàtà, ó ń sáré. Mo tẹ̀lé e, mo sanra, àyà mi ń dùn mí, mo ń sáré. Ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà bí ó ti ń lọ: "Ilẹ̀, jọ̀ọ́. Ilẹ̀, jọ̀ọ́." N kò gbọ́ irú àdúrà bẹ́ẹ̀ rí.

A ti gbọ́ ariwo kí a tó rí èrò. Wọ́n tò sí etí kòtò, wọ́n dì mọ́ra wọn, kò sí ẹni tó sún mọ́ pákó. "Ẹ má fọwọ́ kàn án o! Ó ń hó lẹ́nu!" "Ẹ jẹ́ kó kọjá lára ẹ̀ ná!" Sàdíátù fi èjìká là wọ́n.

Ọmọ́yẹlé ti bọ́ lórí pákó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi òjò tó ń ya lọ, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, orí rẹ̀ sì rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó. Ṣùgbọ́n apá kan gùn lọ sókè, apá àpò fúláwà. Bímpé dọ̀bálẹ̀ lórí pákó náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di apá ẹ̀wù náà mú, ó fi àgbọ̀n tẹ pákó, pákó sì ń mì pẹ̀lú wọn. Òun ló ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, lókèèrè, gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ti wí.

Ìyá rẹ̀ ti dé ibẹ̀ ṣáájú wa. Ó ń lu itan ara rẹ̀. "Bímpé, fi sílẹ̀! Ìwọ náà á kó sínú ẹ̀! Bímpé, mo ní kó o fi sílẹ̀!"

Ọmọ náà ń sunkún, kò wo ìyá rẹ̀. "Kò tíì délẹ̀, màámi! Kò tíì délẹ̀!"

Sàdíátù bẹ́ sínú kòtò. Omi náà dé ìbàdí rẹ̀, ó sì dúró nínú rẹ̀, ó gbé ọmọ rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Èmi fà á láti òkè. Ìtọ́ rẹ̀ dà sí mi lọ́wọ́ dé ìgúnpá. Mo ṣì wà láàyè, mo ń rán aṣọ, ẹ bá mi sọ fún wọn. A tẹ́ ẹ sí etí kòtò, a yí i sí ẹ̀gbẹ́, a ń dúró kí ó kọjá. Mo wo ibi èjìká ẹ̀wù náà. Òwú kan kò já.

Ó pẹ́ lójú wa kí ara rẹ̀ tó rọlẹ̀. Ó la ojú, ó wá ìyá rẹ̀.

"Màámi, ṣé mo tún ṣubú?"

Sàdíátù ń nu ẹnu ọmọ rẹ̀. Ẹrẹ̀ ń kán láti ara rẹ̀ sórí ọmọ náà. Bímpé ló sọ̀rọ̀. Ó ti kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wọn, ó ṣì di apá ẹ̀wù náà mú, ìka rẹ̀ ti funfun.

"Ìyá Ọmọ́yẹlé, ṣé ó ti délẹ̀? Ṣé kí n fi sílẹ̀?"

Sàdíátù ní, "Rárá o, ọmọ mi. Mo bẹ̀ ẹ́, má tíì fi í sílẹ̀."

Bímpé bá tún ọwọ́ rẹ̀ dì lára apá ẹ̀wù náà. Ìyá rẹ̀ dúró tì wọ́n, kò sì ní kó fi sílẹ̀ mọ́.